Ọjọ́ Tí Búlọ́ọ̀kù Òfìfo Fẹ́ Gbẹ̀mí Mi ní Ìsọlọ̀

Ìgbájú ni Èkó fi kí mi káàbọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì ni, báàgì mi ṣì wà léjìká, mo dúró gbagidi sójú ọ̀nà, mo ń wo èrò. Ọkùnrin kan tó ru àpò ìrẹsì ń pariwo "àgò" lẹ́yìn mi, n kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Nígbà tó sú u, ó rọra sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó gbá mi létí, ojú mi ṣú. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá bá òun gbé ẹrù náà rù. Mo bá a gbé e. Ó ní, "O ṣeun jàre," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ń retí kí n ròyìn bí mo ṣe kọjá ẹnubodè, ẹ má retí rẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀nà yẹn rí ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gbà á kò pàdánù nǹkan kan. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó bọ́ sí ọwọ́ àwọn Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀ onílẹ̀. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, Yorùbá ni ajá ilé wa ń gbọ́. Èrò mi ni pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mò ń lọ. Ọjọ́ kejì tí mo dé Ìsọlọ̀ ni mo gbọ́ orúkọ tuntun tí mò ń jẹ́: Àgànyìn. Títí di ọjọ́ náà, ẹ̀wà nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣàánú mi, wọ́n sọ mí di Kòtónù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kòtónù rí láyé mi, ìyẹn náà, eyín tó ń dùn mí ló gbé mi lọ.

Inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni mo ti ríṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ sí nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ṣì ń mí ní Ìsọlọ̀. Aṣọ ti tán níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n tò sórí pẹpẹ irin láti ilẹ̀ dé òkè àjà, àwọn ẹ̀rọ tó ń wa owó kírípítò. Fáànù wọn ń hu tọ̀sán-tòru, ooru wọn sì ń bó èèyàn láwọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fẹ́ eruku kúrò lára wọn, kí n máa pààrọ̀ fáànù tó bá kú, kí n sì máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí abẹ́ fáànù fi bẹ́ mi lórí ìka. Ọ̀gá wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní kí n má jẹ́ kó kán sára ẹ̀rọ.

Dàmọ́lá ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ tíṣà kan láti Èkìtì ni, Jákàńdè Estate ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, ó sì fún mi ní igun kan nínú yàrá rẹ̀ láti máa sùn. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ṣé o rí gbogbo ẹ̀rọ yìí? Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "All over the world, ẹ̀rọ bíi tiwa ń ta tẹ́tẹ́ kan náà. Ẹni tó bá já a ló máa pa búlọ́ọ̀kù tuntun dé. Inú búlọ́ọ̀kù yẹn ni owó tí àwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́ síra wọn máa ń wà. Ẹni tó pa á dé á gba owó tuntun tí ẹnikẹ́ni ò ná rí, á tún gba owó iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lórí gbogbo èyí tó kó sínú rẹ̀."

"Mo rí ọ̀kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kòtónù, ojú ẹ mú o! Calm down, kì í ṣe olè. Wò ó: tí ẹlòmíràn bá já tẹ́tẹ́ ṣáájú wa, orí búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ara ẹ̀ á ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ara yẹn tó dé, a ò mọ owó ta ló ti kó sínú tiẹ̀. Tá a bá lọ tún un kó, tiwa ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo ayé á kọ̀ ọ́. Ṣé ká wá ní kí ẹ̀rọ jókòó lásán? Lailai. Kọ̀ǹpútà á fún wọn ní èyí tó ṣófo kí wọ́n ṣì máa bá a yí, títí a ó fi mọ èyí tó kù láti kó. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Bí oríire bá wá bọ́ sáàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, òfìfo lo máa rí."

"Kí ló dé tí tiwa fi ń pọ̀ tó báyìí?"

"Nẹ́tíwọ̀kì wa ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín ni. Ìròyìn ń pẹ́ kó tó délé. Mo ti sọ fún Ọ̀gá títí, ẹnu mi ti bó. Ọ̀gá mọ̀."

Ọdún yẹn kò parí tí Dàmọ́lá fi lọ sí Kánádà. Ó fi yàrá sílẹ̀ fún mi, ó fi mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, ó fi ìwé ìhìnrere tí bàbá rẹ̀ fún un sílẹ̀. Mo jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì náà, mo ń rò ó. Ìsọlọ̀ tí èmi fi ilé mi sílẹ̀ wá, tí mo kà sí òkè òkun, ni òun ń sá fún. Ó jọ pé kò sí ibì kan láyé tí ẹnì kan kò máa sá kúrò níbẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń sá bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún.

Mo ní ìṣẹ́gun kékeré kan lóṣù yẹn. Ọkùnrin kan dá mi dúró lọ́nà, ó béèrè ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Àgọ́ Palace. Èmi! Mo júwe rẹ̀ fún un dáadáa, mo tilẹ̀ kìlọ̀ fún un nípa kòtò tó wà níbẹ̀. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ baálẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí ọjà Aswani láti ra ṣẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó gba oyè baálẹ̀ náà lọ́wọ́ mi.

Ẹnì kan ló kígbe pé "Olè!" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kígbe. Kí n tó yíjú, ọjà ti ya sí ọ̀nà méjì, ọkùnrin kan wà nílẹ̀ láàárín, àwọn tó ń ná aṣọ lọ́wọ́ ti gbé aṣọ jù sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní orí àti ní ìhà. Obìnrin tó ń wọn ṣòkòtò fún ọmọ rẹ̀ fi ṣòkòtò náà lé èjìká, ó lọ gbá a ní ìpá, ó padà wá, ó sì ń bá ìwọ̀n rẹ̀ lọ. N kò mọ ohun tí ọkùnrin náà jí. Mo béèrè, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n fà á lọ, kò mira mọ́. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi, mo sì lọ.

Ìyá mi pè láti Kétu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sá jáde síta, ṣùgbọ́n ariwo fáànù tẹ̀ lé mi.

"Kí ló ń dún yẹn?" ó béèrè.

"Òjò ni, Màmá."

"Òjò! Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ ni òjò ń rọ̀. Ṣé inú odò lo kó lọ ni?"

"Bí Èkó ṣe rí nìyẹn, Màmá."

"Àwọn èèyàn ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa?"

"Dáadáa ni," mo dáhùn. Ó ní kí n kí wọn.

Ẹni tí mo ra ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Ìyá Sìkírù, ọmọ Ṣakí, obìnrin gíga kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ẹyọ àti ní bélì, ìyẹn ẹrù ńlá tí wọ́n dì pa láti òkè òkun. Òun àti àwọn oníbélì bíi mélòó kan ni wọ́n dáwó fún Ọ̀gá láti fi ra apá kan nínú àwọn ẹ̀rọ wa. Kírípítò tí kò lókìkí ni à ń wa, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ẹ̀rọ jọ di ẹgbẹ́ kan, nítorí náà búlọ́ọ̀kù tí a bá pa dé, orúkọ wa ni yóò wà lórí rẹ̀. Ọmọ Ìyá Sìkírù ti fi ojú ìwé tó ń ṣàfihàn àwọn búlọ́ọ̀kù náà sórí fóònù rẹ̀. Bó ṣe ń tajà ló ń wò ó.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta bélì kí ẹ tó lè mọ ohun tó fẹ́ pa mí. Ní Aswani, dídì pa ni wọ́n ń ta bélì, ẹni tó rà á kò gbọ́dọ̀ yọjú sínú rẹ̀. Bí o bá tú u nílé tí o rí i pé kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tú u níbi ìkẹ́rùsí, ó ti kó ojúlówó, ó sì tún un dì. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni wọ́n á mú, ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo ni aṣọ́bélì ní: kí wọ́n tó fìyà jẹ ẹ́ tán, ó lè ní kí wọ́n tú bélì mìíràn tí kò gba ọwọ́ òun kọjá, lójú gbogbo ayé. Bí ìyẹn náà bá fúyẹ́, láti òkè òkun ni ẹ̀bi ti wá. Ìyá Sìkírù ló sọ ọ́ fún mi, ó ń fi ṣògo pé kò sí ọjà mìíràn tó ní òfin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá rí búlọ́ọ̀kù òfìfo lórí fóònù, bélì tí wọ́n ti tú ni wọ́n rí. Èmi sì ni aṣọ́bélì.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fọ́ ilẹ̀kùn, mo jáde, Ìyá Sìkírù ló wà níwájú pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń já okùn bélì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin bíi mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà."

"Má kí mi! Kòtónù, ta ló ń kó nǹkan inú búlọ́ọ̀kù wa?"

Ọ̀gá ti dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Mo wò ó. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o. Òun ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà."

Bí ẹni pé àṣẹ ló pa. Ẹni àkọ́kọ́ fi orí kàn mí nímú, ẹ̀jẹ̀ tú sí mi lẹ́nu. Mo ṣubú. Bàtà ń bà mí ní ẹ̀yìn, ní ojúgun, ní ọrùn, mo ń gbọ́ "Àgànyìn olè! Àgànyìn olè!" lókè orí mi. Ìyá Sìkírù gbé irin náà sókè, mo fi ọwọ́ òsì bo orí, irin náà sọ̀ kalẹ̀ sórí apá mi. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán kí n tó mọ bó ṣe dùn tó. Ohun tó burú jù ni pé Faransé ló jáde lẹ́nu mi. Èmi tí n kì í fi Faransé lálàá, òun ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀, bóyá nítorí pé òun ni tíṣà wa ń sọ nígbà tó bá ń nà wá ní èwe. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọ́n túbọ̀ fi lílù bò mí. Ojú mi kan ti dí. Èyí tó là ló rí ọkùnrin tó ń yí táyà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà òdìkejì.

Ọkàn mi balẹ̀ lójijì, n kò mọ ìdí. Mo rántí pé mo gbọ́ Yorùbá.

"Ìyá Sìkírù!" mo pariwo. "Ẹ tú bélì mìíràn! Ẹ̀tọ́ mi ni! Ẹ tú bélì tí kò gba ọwọ́ mi kọjá!"

Irin náà dúró lókè. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ gbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìyá Sìkírù sì yíjú sí i. "Mo ní kẹ́ ẹ dúró! Ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ ni?"

"Mama, leave am, ẹ jẹ́ ká sun ún jàre," ọkùnrin onítáyà sọ.

"Ìwọ lo ni ọjà ni? Ó ti béèrè." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí gùlegùle. "Bélì wo?"

"Ẹ yọ fóònù yín. Ẹ lọ sókè lójú ìwé yẹn. Kì í ṣe tiwa, ti àwọn ará òkè òkun ni kí ẹ wò. Ẹ wá èyí tó ṣófo."

Ó ń wá a. Petirólù ti ń rùn, ẹnì kan ti ṣí kẹ́ẹ̀gì. Mo ń ka àdúrà tí ìyá mi kọ́ mi, n kò rántí ìparí rẹ̀.

"Ọ̀kan nìyí," ó sọ. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ti àwọn wo nìyí?"

"N kò mọ̀ wọ́n. Ẹ wo àsìkò tó jáde. Ẹ wo èyí tó ṣáájú rẹ̀."

"Wọ́n tẹ̀lé ara wọn gbọ́ngbọ́n."

"Ẹ wá òmíràn."

Ó rí òmíràn. Ó tún rí òmíràn. Ọkùnrin kan ní irọ́ ni, Ìyá Sìkírù ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, òun ń kàwé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí tiwa, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tó ṣófo ló tẹ̀lé èyí tó ṣáájú rẹ̀ gbọ́ngbọ́n, gbogbo èyí tó kún ti pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Mo ń ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu bí Dàmọ́lá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

"Ó wá dà bí alábàárù tó sáré lọ sídìí ọkọ̀ lọ́wọ́ òfo," ó sọ jẹ́jẹ́, "kí ẹlòmíràn má bàa gba ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Nítorí náà, ìyára ló fà á."

"Ìyára ni. Ìròyìn tó ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa ló jẹ́ kí tiwa pọ̀."

Ó dìde. Ó ní, "Ta ló mọ̀ nípa èyí tẹ́lẹ̀?"

Mo wo Ọ̀gá. Ètè rẹ̀ ti funfun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kí irin yẹn kán apá tiẹ̀ náà, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún lára ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n táyà náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà ní ṣíṣí, mo sì ti rí ohun tí orúkọ kan ṣoṣo lè ṣe ní Aswani.

"Ẹ kọ́kọ́ gbé táyà yẹn kúrò níbí, Mà," mo sọ. "Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó bi mí."

Ó wò mí, ó wo Ọ̀gá. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní kí wọ́n dá táyà padà fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì bo kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó yíjú sí Ọ̀gá, ó ní, "Àwa méjèèjì máa sọ̀rọ̀." Ọ̀gá fi ara ti mọ́tò rẹ̀.

Ohun tí a ṣe sí ọ̀rọ̀ òfìfo lẹ́yìn náà kò le. Ọ̀gá gbé nẹ́tíwọ̀kì tó yára wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. A yí ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà padà kó lè tètè mọ ohun tó wà nínú búlọ́ọ̀kù ẹlòmíràn, kó sì tètè fún ẹ̀rọ wa ní èyí tó kún. Àwọn kan nínú àwọn oníbélì ní kí a kúkú máa da òfìfo nù. Mo ní bí a bá dà á nù, iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ṣòfò, ẹlòmíràn á sì gba ipò wa. Bí gbogbo ayé bá sì fi òfin de òfìfo, àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ á máa fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn láti fi kún un, bí ìgbà tí wọ́n bá fi àkísà kún bélì. Òfìfo ṣì ń di ẹ̀wọ̀n tó so gbogbo búlọ́ọ̀kù pọ̀ mú pinpin, ó sàn ju àkísà lọ. Àkísà ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn jù. Òfìfo ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì pariwo mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe lè máa gbé láàárín wọn. Èmi náà ń bi ara mi. Ọkùnrin onítáyà ń kí mi láàárọ̀, ó ń bi mí léèrè ara, mo ń dá a lóhùn. N kò tíì dárí jì í. Inú ṣì ń bí mi débi pé mo máa ń lá àlá pé mo ń lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ kú, ọ̀dọ̀ òfin wọn ni mo sá sí, òfin náà sì mọ̀ mí. Kétu kò ní òfin bélì. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tí òfin ìlú kan gbà là kí àwọn ará ìlú náà tó gbà á.

Mo ti sáré kọjá ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá Sìkírù fúnra rẹ̀ ló tì mí sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ń bú onímọ́tò tó bá dí wa lọ́nà, ó fi gèlè rẹ̀ di apá mi mọ́ra. Kò bẹ̀ mí. Èmi náà kò bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì kan, nọ́ọ̀sì kan sì béèrè pé ta ni ẹbí mi. Dàmọ́lá wà ní Kánádà. Ìyá mi wà ní Kétu, ó rò pé òjò ló ń rọ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé n kò ní ẹnì kankan.

"Èmi ni," Ìyá Sìkírù sọ.

"Kí lẹ jẹ́ sí i, Mà?"

"Ọmọ mi ni."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó yíjú sí mi, ìtìjú sì mú un, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i bẹ́ẹ̀. "Kí lorúkọ ẹ gan-an?"

Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó tún un sọ fún nọ́ọ̀sì, ó pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é.

Nọ́ọ̀sì tú gèlè náà, ó rí egungun tó yọ jáde, ó pòṣé. "Irú ìkà wo nìyí? Màmá, ta ló ṣe báyìí sí ọmọ yín?"

"Èmi náà ni," ó dáhùn.

Nọ́ọ̀sì fi apá mi sílẹ̀, ó ń wò mí lójú bóyá mo máa jiyàn. Mo sọ fún un pé òótọ́ ni méjèèjì.